Lẹ́búlẹ́bú Tó Ń Mu Omi Lọ́wọ́ Mi Nìkan

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Wọ́n gbà mí. Mo rò pé pátákó àlàyé iṣẹ́ mi ni wọ́n máa ní kí n wá gbé kọ́ sára ògiri kí n sì dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fún mi: ìṣẹ́jú méjìlá láti sọ̀rọ̀, mẹ́ta fún ìbéèrè. Àpérò àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń ṣe ohun èlò tuntun, láti gbogbo àgbáyé. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "O ṣe é." Lẹ́nu Ọ̀gá, àpọ́nlé ńlá nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá tí ẹnì kan gba ẹ̀bùn ní láàbù wa, ohun tó sọ fún un ni pé kó lọ fọ àwọn ife tó kún inú báàfù.

Orí Olóùngbẹ ni mo máa sọ̀rọ̀ lé. Orúkọ tí a fún lẹ́búlẹ́bú mi nìyẹn. Ó ń fa omi sára láti inú afẹ́fẹ́ lóru, bí oòrùn bá sì pa á lọ́sàn-án, á pọ omi náà jáde, kí ẹni tí kò ní kànga lè rí nǹkan mu. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sè é, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń yan án.

Mo pe ìyá mi.

"Wọ́n á bá ẹ san owó ọkọ̀?"

"Wọ́n á san án, Mà."

"Ó dáa. Ta ló máa wo ọmọ?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Mo ti mọ̀. Àtìgbà tí o ti ń fi ohùn rírọ̀ kí mi ni mo ti mọ̀."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Mo lọ ya fọ́tò físà. Ayàfọ́tò ní kí n má rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní eyín mi ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, kọ lẹ́tà sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Ó kí mi dáadáa. Ó yin ìwé tí a tẹ̀ jáde lórí Olóùngbẹ. Ó wá ní àwọn ti ṣe lẹ́búlẹ́bú náà gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, àwọn tún un ṣe, àwọn tún tún un ṣe, kò mu. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò fi nǹkan kan kún un: kò mu. Ó béèrè bóyá nǹkan kan wà tí a gbàgbé láti kọ. Òun náà ń bọ̀ ní àpérò, ó sì máa wu òun kí a rí ara wa.

Mo ka lẹ́tà náà títí tíì mi fi tutù. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ ní Ọ̀gbẹ́ni Kò-Mu, bí ẹni pé tí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wúwo mọ́. Ó ṣì wúwo.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi lẹ́tà han Ọ̀gá. Ó ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni." Lẹ́yìn náà ó wo ojú fèrèsé, ó ní:

"Oníkánjú á ṣe é. Ìwé tí a tẹ̀ jáde ni kó máa wò. Kó má bi ẹ́ ní nǹkan kan, kí ìwọ náà má dá sí i."

Oníkánjú ni akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé mi ní láàbù, ó wà ní ọdún kejì iṣẹ́ oyè tirẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Ó máa ń sáré gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ kò síbi tó ń lọ. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì péye.

"Tí kò bá wá mu lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ohun tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é kì í ṣe kẹ́mísírì. O ò lè fi kọ àpilẹ̀kọ oyè. Èmi ò ní fọwọ́ sí i."

Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá bá a jà. Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ nígbà tó na ìka sí aago ara ògiri. "Àkókò ẹ ti tó." Ó tọ̀nà. Iṣẹ́ òru ni ọkọ mi ń ṣe ní ilé ìwòsàn, oorun ló máa ń sùn lọ́sàn-án, èmi ni mo ń lọ mú ọmọ nílé ìwé. Ọ̀gá kò tíì dárí rẹ̀ jì mí láti ọdún mẹ́rin yìí. Òṣìṣẹ́ Ìlàjì Ọjọ́ ló ń pè mí bí inú rẹ̀ bá dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oníkánjú sè é, ó fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ìwé ṣe wí, ó yan án. Èmi náà ṣe tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kó méjèèjì sínú àpótí onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní ọ̀rinrin, òṣùwọ̀n lábẹ́ kálukú. Tèmi mu títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po kan ààbọ̀. Tirẹ̀ jókòó síbẹ̀ bí ẹfun. Kò mu.

Oníkánjú wò ó, ó wò mí. "Àǹtí, ọwọ́ yín ni."

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun, tí ó bá fọwọ́ kan ọbẹ̀, adùn ọbẹ̀ náà á yàtọ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ní ilé ìdáná, wọ́n á fi yìn ọ́ pé ọwọ́ rẹ dáa. Ní láàbù, wọ́n á fi ẹ̀sùn kàn ọ́.

"Ẹ̀sùn kí ni?" ni ìyá mi bi mí.

"Pé irọ́ ni mò ń pa, Mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò tíì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ajé, ogúnjọ́

Èmi àti Oníkánjú ti pààrọ̀ ṣíbí. A ti pààrọ̀ ife. Ó fi omi tèmi ṣe é, èmi fi omi tirẹ̀. A ṣí ìgò sípíríìtì tuntun, iye rẹ̀ sì ti gorí ìlọ́po méjì láti oṣù kẹfà. A gbé tirẹ̀ sínú ààrò tí mo máa ń lò. Tèmi ń mu, tirẹ̀ kò mu.

Lónìí ó dúró lẹ́yìn mi láti àárọ̀, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ onídán. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní, òun náà lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo padà, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ mú ọmọ, òun náà lọ jẹun. Mo padà, ọmọ jókòó sí ọ́fíìsì ó ń kun àwòrán, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Oníkánjú ní òun ti rí gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tí mo ṣe tí òun kò ṣe.

Físà dé. Kò sí ẹni tó bá mi yọ̀, èmi gan-an kò yọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀gá ní kí n lọ ní tèmi. Wọ́n ti kọ orúkọ wa sínú ètò, ẹni tó bá fà sẹ́yìn báyìí á dà bí olè. "Sọ ohun tí o rí. Ìwọ fojú ara ẹ rí i pé ó mu, àbí o ò rí i? Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní èyí tó kù, sọ pé a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò." Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì mú kí n kórìíra rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìyá mi ti dé pẹ̀lú àpò mẹ́ta àti ìrọ̀rí tirẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní àpérò fún òun àti ọmọ ní pálọ̀, láti fi dánra wò. Ọmọ mi ni alága, ó mú ṣíbí àti ife lọ́wọ́ tí yóò fi dá mi dúró. Ó dá mi dúró kí n tó sọ orúkọ mi tán.

Nígbà tí mo parí, ìyá mi ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, àṣé omi lo ní ó ń mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ò bá ti tètè sọ. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń rò ó pé àìsàn ni."

Mo gbé gbólóhùn omi wá síwájú. Ọ̀rọ̀ náà dáa sí i. Ìṣẹ́gun kékeré ni, mo gbà á.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ ààbò gbé ìgò Olóùngbẹ sókè sí iná.

"Kí lèyí?"

"Lẹ́búlẹ́bú kan ni, sà. Ó ń mu omi."

"Ẹ̀yin náà ń mu ún?"

"Rárá o."

Ó pe ẹnì kejì, ẹnì kejì pe obìnrin kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ńlá lọ́rùn. Wọ́n ka lẹ́tà tí Ọ̀gá fi òǹtẹ̀ lù, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní kí n máa lọ, àmọ́ kí n da omi inú ìgò ìmumi mi nù. Olóùngbẹ kọjá, omi kò kọjá.

Ajé, ọjọ́ kẹta

Yàrá òtẹ́ẹ̀lì mi fẹ̀ tó ibùsùn kan àti ìrònú kan. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó mọ́, omi gbígbóná wà, n kò ráhùn.

Gbọ̀ngàn àpérò náà tutù. Gbogbo wa gbé káàdì orúkọ kọ́ ọrùn, àyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ojú, tí orúkọ rẹ kò bá sì ní ìtumọ̀ fún wọn, wọn kì í dé ojú. Kọfí ọ̀fẹ́ ni ní àkókò ìsinmi. Lẹ́yìn àkókò náà, iye tí wọ́n ń tà á tó oúnjẹ ọ̀sán nílé. Mo mu ife méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rí àwọn tí mo ti ń ka ìwé wọn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ń sín. Ìyá Oníhò wà níbẹ̀, bí a ṣe ń pè é ní láàbù wa nìyẹn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohun gbogbo tí a mọ̀ nípa ihò wẹ́wẹ́ inú lẹ́búlẹ́bú ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti darúgbó, bàtà rẹ̀ rọ̀, ó gbé fúláàsì tirẹ̀ wá, kò mu kọfí ẹnikẹ́ni. Iwájú ló jókòó sí. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lónìí, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Tèmi di ọ̀túnla. Mo ń wo gbogbo àyà tó kọjá bóyá màá rí orúkọ Kò-Mu.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òun ló rí mi. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sọ́kàn, ọkùnrin gíga oníjà, ohùn bí agogo. Èèyàn kúkurú kan ni, ó rẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì kó tó sọ ohun tó ṣe. Ó gbé ìgò lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ jáde nínú àpò kóòtù, ó gbé e ka orí tábìlì kọfí. Èmi náà gbé tèmi jáde. Funfun, funfun. Ìyá kan náà lèèyàn máa rò pé ó bí wọn.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń sunkún," ló sọ. "Ó rò pé òun ò mọ iṣẹ́."

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní láàbù tiwa náà tí kò tíì sunkún, àmọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jẹun.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ ti wọlé láàárọ̀. Ó yá."

Mo fi ife ṣe ìkòkò, mo fi ṣúgà ṣe lẹ́búlẹ́bú. Mo ní mo gbé e jáde nínú ààrò, mo dà á sórí asẹ́, mo kó o padà sínú ìkòkò, mo da sípíríìtì sí i, mo lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní.

"Ẹ padà nígbà wo?"

"Nígbà tí wọ́n bá parí. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán."

"Kí ni lẹ́búlẹ́bú ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó wà nínú sípíríìtì."

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mo dà á nù, mo da òmíràn sí i, mo lọ mú ọmọ mi nílé ìwé."

"Ó sì tún wà nínú sípíríìtì."

"Títí màá fi dé. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"À ń dà á sí i, à ń mì í, à ń dà á nù. Ẹ ò ní tíì mu ife kọfí kan tán tí a fi máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Àwọn èèyàn ń na ọwọ́ kọjá orí wa láti mú ṣíbí. Ohun tí a fi ń se lẹ́búlẹ́bú náà máa ń há sínú àwọn ihò rẹ̀, kì í sì í tètè jáde. Ayálégbé burúkú ni: tí o kò bá fún un láyè kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí o kàn sọ iná sí i, á wó ilé náà mọ́ ara rẹ̀. Sípíríìtì ni yóò rọra wọlé tí yóò gba ipò rẹ̀, ó sì ń fẹ́ àkókò. Èmi ń fún un ní àkókò láìmọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tọrọ àforíjì fún wákàtí tí n kò sí ní láàbù, n kò kà wọ́n sí iṣẹ́, n kò sì kọ wọ́n. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Bóyá. A kò tíì dán an wò.

Mo pe Ọ̀gá. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin.

"O ti dán an wò?"

"Rárá, sà."

"Á jẹ́ pé kò tíì sí nìyẹn. Má gbé àbá lọ síwájú Ìyá Oníhò. Sọ ohun tí a ní, kóo sọ̀kalẹ̀."

Pé ohun tí a kò bá dán wò kò tíì sí, láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ti ń sọ ọ́ fún gbogbo wa, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún Oníkánjú rí. Kò-Mu ti ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àmọ́ yóò pẹ́ kí èsì tó wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ ọ́ bí Ọ̀gá ṣe ní kí n sọ ọ́. Omi wà níwájú, bí ìyá mi ṣe fẹ́. Àwòrán bí òṣùwọ̀n ṣe ń gòkè gba ìró kékeré kan lẹ́nu àwọn tó wà níwájú, mo gbọ́ ọ. N kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí kò mu lọ́wọ́ rẹ̀. Mo parí kí alága tó lu agogo.

Kò-Mu wà ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́. Mo dúró de ọwọ́ rẹ̀, kò gbé e sókè. Ó fi í sílẹ̀ fún mi.

Ìyá Oníhò ló gbé ọwọ́. Kò dìde. "Ó dára púpọ̀. Ṣé ẹlòmíì ti ṣe é?"

Mo mọ ìdáhùn Ọ̀gá, ó wà lẹ́nu mi: a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, Mà. Mo ya ẹnu láti sọ ọ́, mo wo ojú obìnrin náà, n kò lè sọ ọ́.

"Àwọn mìíràn ti gbìyànjú, Mà. Láàbù kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní láàbù tiwa gan-an. Kò mu."

Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán. Alága wo aago rẹ̀.

"Mo rò pé mo mọ ìdí ẹ̀, àmọ́ n kò tíì dán an wò. Ọ̀gá mi sì ti ní kí n má sọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníhò kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní, mo sọ ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ọmọ mi. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dunni. Mo ní bó bá jẹ́ pé èyí ni, lẹ́búlẹ́bú náà jẹ́ òótọ́. Bí kì í bá ṣe èyí, n kò mọ ohun tí mo ní lọ́wọ́. Ìyá Oníhò ń kọ nǹkan. Láìgbé ojú sókè, ó ní, "Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́ pé a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tó lọ ṣe láàárín." Alága lu agogo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mo nígboyà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó ti bọ́ sí kòtò nìyẹn. Kí n tó dé ìjókòó mi, Ọ̀gá ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi. "Mo ti gbọ́." Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá kò gbé fóònù. Kọfí wọn ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, ó ti tó àkókò kí n máa lọ sílé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo dé. Eyín iwájú ọmọ mi kan ti ká, kò sì dúró dè mí. Ìyá mi ti tún gbogbo àpótí ilé ìdáná tò, n kò rí ṣíbí. Ọkọ mi gba àpò lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ níyà?" Mo ní èmi ni mo jẹ ara mi níyà. Ó ní kí n jókòó. Ó din ẹyin fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún ìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá kò ní kí n jókòó.

"Ẹni mẹ́ta ló pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe kẹ́mísírì ní láàbù wa, ká da nǹkan sílẹ̀ ká lọ mú ọmọ."

"Ẹ má bínú, sà."

"Tí kò bá mu ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ti ba ara mi jẹ́, sà."

"Àti èmi."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ló ń ba òun náà. Ó ti gbé orúkọ rẹ̀ lé Olóùngbẹ bí èmi náà ṣe gbé tèmi lé e. Ó ní Oníkánjú ló máa ṣe é, kó fi í sílẹ̀ nínú sípíríìtì láàárín ìfọ̀ kan sí òmíràn bí mo ṣe sọ. Kí èmi má wọ yàrá náà rárá, kí n má dúró tì í, kí n má tilẹ̀ mí sí i. Bó bá mu, ká sọ̀rọ̀. Bí kò bá mu, kí n máa wá ohun mìíràn tí mo fẹ́ fi ọdún mẹ́rin mìíràn ṣe.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìyà ń jẹ Oníkánjú ju èmi lọ. Ó da sípíríìtì sí i, ó jáde wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí, kí ni kí n máa ṣe báyìí?"

"Má ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn mì í díẹ̀."

"Má mì í."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ jẹun. Kóo jókòó jẹ ẹ́."

Ó lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ó ń sáré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti wà nínú ààrò. Kò-Mu kò tíì kọ̀wé. N kò lè jẹun, mo sì ti bú ọmọ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì láàárọ̀. Mo jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn Oníkánjú nìkan ni mo ń rí. Ó dúró níwájú òṣùwọ̀n, kò mira. N kò rí i kó dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn gan-an sì dá kún ẹ̀rù mi.

Ó pẹ́. Àwọn agbálẹ̀ kọjá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ní tòótọ́ bóyá ilé ìwé girama tó wà lẹ́bàá ilé wa ṣì ń wá olùkọ́.

"Ó ń gòkè," ni Oníkánjú sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Lẹ́yìn náà ó pariwo. "Àǹtí! Ó ń gòkè! Ó ń mu! Olóùngbẹ ń mu!"

Mo dìde. Mo dé ojú ilẹ̀kùn, mo dúró. Nọ́ńbà náà ń yí lójú òṣùwọ̀n, ó ń yí, bó ṣe máa ń yí fún mi gan-an ni. Inú mi dùn. Nǹkan kan sì tún gún mi láyà: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. N kò mọ̀ pé màá jowú lẹ́búlẹ́bú.

Ọ̀gá gbọ́ ariwo, ó sọ̀kalẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òṣùwọ̀n títí, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni, sà," Oníkánjú ní.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni. Mo sì dúró, sà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo dúró."

Ọ̀gá yíjú sí mi ní ojú ilẹ̀kùn. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ṣe níbẹ̀?"

"N kò ṣe nǹkan kan, sà. N kò fọwọ́ kàn án."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, bóyá n kò kọjá ìloro. N kò kọjá.

"Ó dáa," ló sọ. "Lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ ẹ."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ni mo bú sí.